Ọjọ́ Mẹ́ta Afọlábí

"Ta ló ń fún ọmọ mi lóúnjẹ?"

Sẹ̀kínátù ló béèrè, kò sì sí ẹni tó ní kó sọ̀rọ̀. Dókítà tó yẹ òkú wò ṣì ń ka ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ nínú kóòtù májísíréètì n'Ífọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó ti ní ẹ̀wà àti búrẹ́dì wà nínú ikùn olóògbé, pé kò tíì dà, pé kò lè ju wákàtí méjì lọ tó jẹ ẹ́ tó fi kú. Ni obìnrin náà bá dìde láti ìjókòó ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ kan di ìborùn rẹ̀ mú.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Mi ò gbé oúnjẹ fún un. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

Dókítà wo adájọ́. Adájọ́ wo akọ̀wé. Akọ̀wé tẹjú mọ́ ìwé bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ínsípẹ́kítọ̀ Sámúẹ́lì, ẹni tó ṣojú téṣàn ọlọ́pàá Ìdí-Ọsàn, gbójú sókè ó ń wo fáànù tí kò yí.

"Ẹ jókòó, Màmá," ni Adájọ́ Bísí Ọlágòkè sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́."

Ó jókòó. Dókítà ń bá ìwé rẹ̀ lọ.

Lọ́yà Tòún Ọ̀ṣuntókun, ẹni tó dúró fún ìyá náà, kò gbọ́ ohun tí dókítà ń kà mọ́. Abẹ́ tábìlì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti ń gbọ̀n, bó ṣe máa ń gbọ̀n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá há sí i lọ́kàn bí eegun ẹja. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ti gbé ilé-iṣẹ́ tó lé aláboyún lọ sí kóòtù, ó ti gbé ẹ́sítéètì tó ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ má gba gétì iwájú wọlé lọ sí kóòtù, àwọn ọlọ́pàá tó sì ti dúró sínú àpótí ẹlẹ́rìí níwájú rẹ̀ kì í gbàgbé ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó ìwádìí ikú ló fẹ́ràn jù. Níbẹ̀, wọn kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni adájọ́ ń wá ìdáhùn sí: ta ló kú, níbo, nígbà wo, báwo? Àfi pé ìyá olóògbé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀karùn-ún wá.

Ìtàn tí Ínsípẹ́kítọ̀ Sámúẹ́lì sọ ní tirẹ̀ tẹ́jú bí ojú ọ̀nà tuntun. Afọlábí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ń tẹ́ táìlì sí ilé ọ̀gbẹ́ni kan ní Arepo. Ní ọjọ́ Ajé, oṣù karùn-ún ọjọ́ kẹtàlá, onílé náà pe téṣàn Ìdí-Ọsàn tó wà nítòsí pé páálí táìlì mẹ́fà ti sọnù. "A dé ibẹ̀, ó ti sá. A ò fojú kàn án rí, ààyè rẹ̀ o, òkú rẹ̀ o." Ní òwúrọ̀ kùtù Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún, wọ́n rí òkú rẹ̀ lẹ́bàá títì n'Ífọ̀ níbí, kò jìnnà sí ilé ìyá rẹ̀. Ó ń sá lọ bá ìyá rẹ̀ ni, ọkọ̀ gbá a, ọkọ̀ sì sá lọ.

Olè sá, ọkọ̀ pa á, ó tán. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, Adájọ́ Ọlágòkè yóò pa ìwé náà dé. Bí wọn kò bá rí nǹkan mìíràn fún un, ohun tó máa kọ náà nìyẹn. Kò sí ẹni tí wọ́n máa mú. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù méjì ti pé tí àwọn ará àdúgbò ti ń pe Sẹ̀kínátù ní ìyá olè.

*

"Sìmẹ́ńtì funfun," ni Tòún sọ ní kété tí wọ́n jáde sí abẹ́ igi tó wà lẹ́yìn kóòtù. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. "Dókítà ní sìmẹ́ńtì funfun wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì bó. Bàbá, èwo lẹ fi dí ojú ìpàdé táìlì ní Arepo?"

Ògúnkànmí ni ọ̀gá tó kọ́ Afọlábí níṣẹ́, ará Ìkirè bíi ọmọ náà, ọkùnrin kúkúrú tí orúnkún tirẹ̀ náà ti le bí ẹ̀yìn ahun.

"Dúdú ni, Lọ́yà. Onílé yẹn ló ní bẹ́ẹ̀. Ó ní funfun ń tètè dọ̀tí. Ọkùnrin yẹn, bó bá rí eṣinṣin lára ògiri, á ní èmi ni mo mú un wá."

"Ó dá yín lójú?"

"Ṣé èmi kọ́ ni mo rà á ni?"

Tòún dúró. "Ó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn nìyẹn, láàárín Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdeè. Ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá, ṣé ó máa kúnlẹ̀ síbìkan ó máa tẹ́ táìlì?"

"Kò ṣeé ṣe."

"Ó níṣẹ́ mìíràn tó gbà, tí kò sọ fún yín?"

Ògúnkànmí họ orí. Ó wo Sẹ̀kínátù kó tó sọ̀rọ̀. "Kó má di pé mò ń ba òkú jẹ́ o. Mo gbọ́ pé ó gba iṣẹ́ kan lẹ́yìn mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mówè. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń ṣe é. Èmi náà ṣe é fún ọ̀gá mi."

"Mówè," ni Tòún wí. Ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nínú báàgì.

*

Láti Ifọ̀ dé Mówè, Tòún ti kọ́ gbogbo ìtàn náà tán lọ́kàn ara rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ pé wọ́n ń wá òun, ó sá pamọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń fún un lóúnjẹ. Ó dùn ún. Ìyẹn túmọ̀ sí pé òótọ́ ni Ínsípẹ́kítọ̀ sọ.

Obìnrin tó ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe mú un wọlé. Ilẹ̀ náà ń dán. Sìmẹ́ńtì funfun wà lójú ìpàdé gbogbo rẹ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n tẹ́ ẹ, Àǹtí?"

"Ó ti pẹ́ ooo. Ṣáájú Àjíǹde ni. Orí ẹ̀ la ti ṣe ìsọjí."

"Ẹ̀yin àti Afọlábí ò tún ríra lẹ́yìn ìgbà yẹn?"

"Láti ọjọ́ tó ti lọ? Rárá o. Ó dẹ̀ ṣèlérí pé òun á padà wá wo èyí tó ń mì lábẹ́ pẹpẹ." Obìnrin náà fi àtàǹpàkò kan án, táìlì náà dún kókó. "Ẹ bá wa sọ fún un o, ẹ ní à ń retí rẹ̀."

Tòún ò mọ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ó dúpẹ́, ó jáde, ó jókòó sínú ọkọ̀ láìṣíná. Òpin oṣù kẹta ni Àjíǹde. Ìtàn tó kọ́ láti Ifọ̀ ti wó, inú rẹ̀ sì ń dùn pé ó wó. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

*

Ọ̀gbẹ́ni Olúwajùwọ́n, onílé Arepo, kò ní kó jókòó. Lórí táìlì tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dúdú dí ni àwọn méjèèjì dúró sí.

"Lọ́yà, mo ti sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún ọlọ́pàá. Mo wà n'Íkẹjà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣáà mọ àwọn ọmọ tó ń tòkè wá yìí."

"Òkè ibo, sà?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á kó mẹ́rin mẹ́rin sínú yàrá kan, wọn ò ní káàdì, wọn ò ní ẹni tó máa dúró fún wọn. Nǹkan sọnù, ta ni kí n mú?"

"Èmi náà ti òkè wá, sà. Ilé wa ò jìnnà sí tiwọn." Tòún rẹ́rìn-ín músẹ́. "Táìlì mélòó ló sọnù?"

"Páálí mẹ́fà."

"Yàrá tó kù nínú ilé yìí dà tí kò ní táìlì?"

Ọkùnrin náà yíjú wo ọ̀nà inú ilé.

"Mo ti wò ó láti ìta, sà. Ilé ti parí. Ta ló wá ra mẹ́fà mìíràn?"

"Kò sẹ́ni tó rà á." Ó nu iwájú orí. "Àwọn tó tà á ni kò kó o pé. Dírẹ́bà wọn gbé e wá lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó ní ó ṣẹ́kù sínú ọkọ̀."

"Kò sólè, nígbà náà."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo ṣe ohun tó yẹ ọmọlúàbí. Lójú ẹsẹ̀ ni mo pe Ínsípẹ́kítọ̀. Mo ní kò sọnù mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà máa lọ sílé."

Fíríìjì ń kùn ní kíṣìnì. Ọkùnrin náà gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Tòún náà gbọ́ ọ.

"Kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ, sà? Láti ibo?"

"Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí wọ́n má wá a mọ́."

"Kí ni Ínsípẹ́kítọ̀ fi dá yín lóhùn?"

"Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní àlejò."

"Kí ló sọ, sà?"

Olúwajùwọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. "Ó ní kò tíì parí," ló sọ, bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo rò pé ìwé ló ń sọ. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù o. Ẹ má wulẹ̀ pè mí."

*

Kò tíì parí. Kí ni kò tíì parí?

Tòún páàkì ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì n'Íbafọ̀, ó sì ń rò ó. Gbogbo ayé ló mọ bí téṣàn ṣe rí. Bí wọ́n bá ti ẹnìkan mọ́lé, ẹbí rẹ̀ ló máa gbé oúnjẹ wá. Bí ẹbí rẹ̀ ò bá mọ ibi tó wà, ebi ni. Kò sí ọlọ́pàá tó ń ra ẹ̀wà fún ẹni tí wọ́n ní ó jalè.

Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ńkọ́? Bíríkìlà, kápẹ́ńtà, ẹni tó ń tẹ́ táìlì, ta ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀ tí kì í fún wọn lóúnjẹ? Ahun pàápàá á fún wọn ní gàrí. Kò sí ẹni tó ń bọ́ ẹni tó wà ní séèlì. Gbogbo ènìyàn ló ń bọ́ oníṣẹ́.

Ó gbé orí lé sítíárìn ọkọ̀. Ó ti rí ìdáhùn fún Ìyá Afọlábí. Kò sì sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Àtíbàbà Sùwéébátù fara ti ògiri ọgbà téṣàn Ìdí-Ọsàn. Ìkòkò ẹ̀wà kan, ìkòkò ata tí epo rẹ̀ ti jóná dúdú, búrẹ́dì nínú gíláàsì. Tòún ra ẹ̀wà, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ní kí wọ́n bu òmíràn sí i.

"Àǹtí, ebi pa yín o," ni Sùwéébátù sọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀wà yín ló dùn. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ yín ni àwọn oníṣẹ́ ti máa ń jẹun."

"Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ gan-an."

"Ọmọ tó wá tẹ́ táìlì sí téṣàn ńkọ́, òun náà jẹ ẹ́?"

"Fọlábí? Háà, ọmọ yẹn! Búrẹ́dì méjì ni! Ínsípẹ́kítọ̀ ló ní kí n máa gbé e wọlé fún un, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Á ní, 'Ìyá mi, ẹ fún mi ní ìsàlẹ̀ ìkòkò.' Ìrọ̀lẹ́ tí mo gbé e fún un kẹ́yìn, ṣe ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti parí, pé wọ́n ti ṣèlérí pé bóun bá ti parí, òun á máa lọ sílé. Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́ ni mo gbọ́ tó ń bi wọ́n pé ṣé òun lè máa lọ báyìí." Ó dáwọ́ dúró, ó wo aṣọ Tòún láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ fi ń bi mí?"

"Lọ́yà ìyá rẹ̀ ni mí."

Ṣíbí bọ́ sínú ìkòkò. "Ìyá rẹ̀? Ṣé wọn ò fi í sílẹ̀ ni?"

"Ó ti kú, Ìyá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

Sùwéébátù bo ẹnu rẹ̀. Ó sún mọ́ Tòún, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ má pè mí ní kóòtù. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ wo ògiri tí mo fi ẹ̀yìn tì. Àwọn ló ni ín. Ọmọ mẹ́rin ni mò ń tọ́ lórí ìkòkò yìí."

Tòún lè fi ìwé kóòtù pè é. Ìwé náà wà nínú báàgì rẹ̀, ibi orúkọ nìkan ló ṣófo. Ó ti ṣe é fún ẹlẹ́rìí kan rí, lọ́dún kan, n'Ágbàdo. Ó rántí bí ọkùnrin náà ṣe wá sọ òótọ́, àti bí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe rí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó na ọwọ́ sí báàgì. Ó tún gbé ọwọ́ kúrò.

"Mi ò ní pè yín," ló sọ. "Màá wá ẹlẹ́rìí tí wọn ò lè dẹ́rù bà."

*

Ní ọjọ́ Ẹtì, Tòún tọrọ pé kí kóòtù lọ wo téṣàn Ìdí-Ọsàn fúnra rẹ̀.

Ínsípẹ́kítọ̀ Sámúẹ́lì bẹ́ sókè. "Lẹ́yìn oṣù méjì, Ọlọ́lá? Kí ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀?"

"Lọ́yà, kí lẹ fẹ́ rí níbẹ̀?" Adájọ́ Ọlágòkè bi í.

Tòún lè purọ́. "Mi ò tíì mọ̀, Ọlọ́lá. Ilẹ̀ ni mo fẹ́ wò."

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. "Ogún ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, mo máa pa ìwé yìí dé lónìí."

Wọ́n dé Ìdí-Ọsàn ní bí aago kan ọ̀sán. Sùwéébátù kò sí ní àtíbàbà rẹ̀. Ọlọ́pàá kan ní kí Sẹ̀kínátù dúró sí àárín ọgbà, pé àyè ò gba gbogbo èrò. Àwọn yòókù wọlé. Níwájú kàńtà, ilẹ̀ náà funfun, ó ń dán, sìmẹ́ńtì funfun ló wà lójú ìpàdé rẹ̀.

"Ta ló tẹ́ ẹ?" ni Adájọ́ béèrè.

"Kọ́ńtírakítọ̀ ni, Ọlọ́lá. Láti Disẹ́ńbà," ni Ínsípẹ́kítọ̀ dáhùn. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí omi àmù.

Ògúnkànmí ti kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ wọ́ ilẹ̀, ó ń kan táìlì kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Iṣẹ́ Afọlábí ni, Bàbá?"

"Ó jọ ọwọ́ rẹ̀." Ojú ọkùnrin náà ti pọ́n. "Ó jọ ọ́ gan-an, Ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́tàdínlógún ni mo ti kọ́ níṣẹ́, ọwọ́ gbogbo wọn jọra. Mi ò lè búra."

"Mo gbọ́. Jíjọra kì í ṣe ẹ̀rí." Adájọ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Lọ́yà?"

Tòún rìn dé ẹ̀gbẹ́ ògiri kìíní, ó rìn dé èkejì. Ó wo abẹ́ kàńtà. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn séèlì. Kò sí nǹkan kan. Akọ̀wé ti pa ìwé dé. Ínsípẹ́kítọ̀ Sámúẹ́lì ti lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ hàn wọ́n bí onílé tó ń sin àlejò. "Ẹ máa rọra o, Ọlọ́lá. Ojú ọ̀nà ò dáa."

"Bàbá," ni Tòún sọ lójijì. "Bí ẹ bá ń tẹ́ táìlì, ẹ ò lè tẹ èyí tó ṣì tutù mọ́lẹ̀, àbí?"

"Báwo la ṣe máa tẹ̀ ẹ́? Ó máa rì."

"Ibo lẹ máa ń parí sí?"

"Ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn la fi ń rìn jáde. A ó di ẹnu ọ̀nà pa, ó tán." Ó gbé orí sókè. "A ó sì fi ìṣó kọ orúkọ wa síbẹ̀ kó tó gbẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà, kí ẹni tó bá rí iṣẹ́ náà lè pè wá."

Láti Mówè dé Ifọ̀, ta ni kò tíì rí irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ lórí pèpéle, lórí gọ́tà, lára ògiri? Ta ló sì ń kà á?

Tòún wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀já sìmẹ́ńtì tóóró kan wà láàárín táìlì àti ìta, kedere nínú oòrùn, tí ọlọ́pàá, olùfisùn àti ẹlẹ́jọ́ ti ń ré kọjá láti oṣù méjì. Ìṣó ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà ńlá ńlá.

"AFỌLÁBÍ, ONÍTÁÌLÌ," ló kà sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà náà níkọ̀ọ̀kan, ó ń kà á kí akọ̀wé lè kọ ọ́. "Òdo. Mẹ́jọ. Òdo. Mẹ́sàn-án..." Ó kà á dé ìkeje, ó kà á dé ìkẹjọ, ó sì dúró, nítorí bàtà dúdú Ínsípẹ́kítọ̀ Sámúẹ́lì ló wà lórí èyí tó kù.

Láti àárín ọgbà, níbi tí kò ti lè rí ẹnu ọ̀nà rárá, Sẹ̀kínátù bá a kà á parí.

"Mẹ́rin," ló wí. "Mẹ́rin. Méje."

Adájọ́ Ọlágòkè fi awò ojú rẹ̀ sójú.

"Ínsípẹ́kítọ̀," ló sọ, "ẹ gbé ẹsẹ̀ yín."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e. Mẹ́rin, mẹ́rin, méje. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ìṣó kan náà kọ déètì: 15/5.